Bí ènìyàn ṣe lè sinmi kúrò lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ láìpàdánù àwọn èèyàn rẹ̀

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Arìnjìnnà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín. Mo fẹ́ fi àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lè tó oṣù kan, mo sì fẹ́ ṣe é lọ́nà tí kò ní jẹ́ pé mo fi ìbínú jáde lónìí, kí n tún yọ́ wọlé padà lọ́la. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ mí níbẹ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé n kì í mọ ìgbà tí ọwọ́ mi ń dé ara fóònù mọ́. Mo lè fẹ́ wo aago lásán, kí n tó mọ̀, mo ti wọ inú àríyànjiyàn àwọn tí n kò mọ̀ rí lórí ohun tí kò kàn mí, nígbà tí mo bá sì máa fi gbé ojú sókè, n kò ní lè tọ́ka sí ohun kan pàtó tí mo rí kọ́ níbẹ̀. Bí mo bá ń ka ìwé, ọkàn mi kì í lè dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Bí ẹnìkan bá ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í wọlé.

Ohun tó mú kí ó ṣòro ni pé gbogbo nǹkan ló wà papọ̀ lórí fóònù. WhatsApp kan náà tí mo ti ń wo ohun tí gbogbo ayé ń gbé sórí Status ni ọ̀gá mi ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ẹbí ti ń sọ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Orí Facebook ni mo ti ń rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́ mi, n kò sì ní nọ́ńbà fóònù púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí mo bá dákẹ́ lójijì, àwọn kan yóò rò pé mo ń bínú sí àwọn, àwọn mìíràn yóò sì rò pé nǹkan ti ṣe mí.

Ṣé irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe ènìyàn ní àǹfààní tó ṣeé fojú rí, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? Ṣé kí n kúrò pátápátá ni, àbí kí n dín in kù? Báwo ni mo ṣe lè ya ohun tí mo nílò kúrò lára ohun tó ń gba àkókò mi? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, àti ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn ìkànnì wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe fi gbólóhùn kan péré dá mi lóhùn, nítorí mo fẹ́ mọ ìdí kí n tó mọ ọ̀nà.


Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Oníṣẹ́Áàpù

Ẹ kú ìbéèrè, Arìnjìnnà. Iṣẹ́ áàpù ṣíṣe ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú apá tó jẹ́ ti ìdí, kí àwọn ẹlòmíràn mú apá tó jẹ́ ti ọ̀nà. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe àìlèkóra-ẹni-níjàánu nìkan ló ń gbé ọwọ́ yín lọ sórí fóònù. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe àwọn ojú ewé wọ̀nyẹn kí wọ́n má ṣe lópin ni.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì kéré, ojú ewé máa ń tán, ènìyàn a sì ní láti tẹ nǹkan kí ó tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Ìdúró ráńpẹ́ yẹn ló ń fún ọkàn láyè láti bi ara rẹ̀ pé, ṣé kí n máa bá a lọ ni, àbí kí n dìde? Ní ọdún 2006 ni Aza Raskin, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo ojú ewé áàpù, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí nǹkan tuntun fi ń yọ wá láti ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ìka ṣe ń fa ojú ewé lọ sókè. Láti ìgbà náà wá, ó ti sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ ohun tí wọ́n fi ọ̀nà náà ṣe. Ìdúró tí ẹ fi ń bi ara yín léèrè ni wọ́n mú kúrò, mo sì kà á sí ohun ńlá, nítorí pé inú irú ìdúró bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti máa ń rí àyè ṣe ìpinnu.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń to ohun tí ẹ ń rí. Títí di ọdún 2016, bí àwòrán bá ṣe wọlé sórí Instagram ni yóò ṣe tò tẹ̀ léra, ènìyàn sì lè kà á dé ibi tó kà á dé lánàá, kí ó sì mọ̀ pé òun ti parí. Láti ọdún náà ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó rò pé yóò dá ojú yín dúró jù, tí yóò sì gbé e síwájú. Ibi tí à ń pè ní ìparí kò sí mọ́.

Àìmọ ohun tí ènìyàn yóò bá pàdé náà kún un. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, fi ẹyẹlé àti eku ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyẹ̀wò ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ó rí i pé bí ẹranko bá ti mọ́ra láti máa rí oúnjẹ gbà ní gbogbo ìgbà tó bá ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, kì í pẹ́ kí ó tó jáwọ́ nígbà tí oúnjẹ náà bá dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n èyí tí kò mọ ìgbà tí oúnjẹ yóò jáde a máa tẹra mọ́ ọn ṣáá. Bí ó bá jẹ́ pé ohun ayọ̀ ni ẹ ń bá ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìkànnì, kò ní pẹ́ sú yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ kì í bá ohunkóhun, ẹ ó gbàgbé rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé lónìí ẹ lè bá ìròyìn ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín, lọ́la kí ẹ bá ìjà àwọn àjèjì, lọ́tùn-únla kí ẹ má bá nǹkankan, ọwọ́ yóò máa padà síbẹ̀. Bọ́tìnnì Like tó dé sórí Facebook ní ọdún 2009 tún wá sọ olúkúlùkù di ẹni tó ń retí bí àwọn ènìyàn yóò ṣe gba ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Sean Parker, tó jẹ́ ààrẹ Facebook àkọ́kọ́, sọ ní gbangba ní ọdún 2017 pé ìbéèrè tó wà lọ́kàn àwọn tó kọ́ ọ ni bí wọ́n ṣe lè gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò àti àkíyèsí ènìyàn, ó sì sọ pé wọ́n mọ̀ pé àìlera kan nínú ọkàn ẹ̀dá ni àwọn ń lò. Ìdí owó ló wà níbẹ̀. Owó tó ń wọlé fún Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìpolówó ọjà tán, bí ẹ bá sì ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀ ni ìpolówó tí ẹ ó rí yóò ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi agbára ìpinnu nìkan dojú kọ ọ́, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa jà. Mo fara mọ́ ìsinmi tí ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ yí ètò inú fóònù yín padà kí ẹ tó gbára lé ìpinnu yín.


Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ÒǹkàwéÌwádìí

Oníṣẹ́Áàpù ti là á yé wa dáadáa. Èmi fẹ́ mú ìbéèrè yín nípa bóyá àǹfààní rẹ̀ ṣeé fojú rí, nítorí pé àwọn onímọ̀ ti dán an wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èyí tí mo gbára lé jù nínú wọn ni ti àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́rin kan, tí Hunt Allcott àti Matthew Gentzkow wà lára wọn, tí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2018 ń bọ̀ lọ́nà ní Amẹ́ríkà, wọ́n sanwó fún àwọn kan láti dá àkáǹtì Facebook wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì ń ṣàkíyèsí wọn pẹ̀lú àwọn tí kò dá tiwọn dúró. Ohun tó kọ́kọ́ hàn ni àkókò: nǹkan bí wákàtí kan lójúmọ́ ló padà sọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé wákàtí náà yóò kàn sá lọ sórí ìkànnì mìíràn ni, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ dín lílo àwọn ìkànnì yòókù kù, wọ́n sì túbọ̀ ń wà pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú àkókò náà lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Èrò wọn lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú kò jìnnà síra tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Inú wọn dùn sí i, àmọ́ díẹ̀ ni, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ “díẹ̀” yẹn sọ́kàn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà pé, tí kò sí owó kankan mọ́, wọn kò lo Facebook tó bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, èyí tó fi hàn pé ìsinmi náà jẹ́ kí wọ́n rí i pé àwọn lè ṣe é láìsí i.

Àdánù kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí n fi pamọ́: ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìròyìn tó ń lọ dínkù. Bí ó bá jẹ́ orí ìkànnì ni ẹ ti ń gbọ́ ìròyìn, ẹ wá ọ̀nà mìíràn tí ẹ ó máa gbà gbọ́ ọ kí ẹ tó kúrò, yálà rédíò ní àkókò kan pàtó tàbí ìwé ìròyìn tí ẹ fọkàn tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìròyìn ni yóò kọ́kọ́ fà yín padà.

Ní ti kí á dín in kù dípò kí á kúrò, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Pennsylvania tẹ iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2018. Akẹ́kọ̀ọ́ 143 ni wọ́n bá ṣe é. Àwọn kan nínú wọn kò gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ lọ lórí Facebook, ìṣẹ́jú 10 lórí Instagram, àti ìṣẹ́jú 10 lórí Snapchat, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìmọ̀lára pé ènìyàn dá nìkan wà rọlẹ̀ lára wọn, ìbànújẹ́ ọkàn náà sì rọlẹ̀, pàápàá lára àwọn tí ó ti wọ̀ lára tẹ́lẹ̀. Ibi tó ya èmi lẹ́nu ni pé àníyàn àti ìbẹ̀rù pé nǹkan ń kọjá ẹni dínkù lára àwọn tí kò dín tiwọn kù pẹ̀lú, àwọn olùwádìí náà sì rò pé ó lè jẹ́ nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ bí àwọn ṣe ń lò ó. Kí ènìyàn kàn mọ iye àkókò tó ń lò lórí rẹ̀ náà lérè. Ní Yunifásítì Bath, ní ọdún 2022, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi sinmi, nínú ènìyàn 154 tí wọ́n bá ṣiṣẹ́, àwọn tó sinmi sì sọ pé ara àwọn túbọ̀ balẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ló rí ìyàtọ̀ o. Àwọn mìíràn wà tí àwọn tó sinmi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí kò sinmi, ẹni tó bá sì mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò lè sọ pé ara tu òun nítorí pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe retí pé ìsinmi yìí yóò wo gbogbo ohun tó ń ṣe yín sàn. Àkókò ni ohun tó dájú pé ẹ ó rí gbà, èyí tí ẹ bá sì fi ṣe ni yóò sọ bí ara yóò ṣe tù yín tó.


Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Olùtọ́jú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Mo ń tọ́jú ẹbí mi kan tó ń ṣàìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, n kì í sì í lè jáde bó ṣe wù mí. Inú ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú bíi tèmi lórí Facebook ni mo ti rí àwọn tó mọ ohun tí ojú mi ń rí lóru, tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn láì pa ẹ̀yìn ara wọn lára, àti ìbéèrè tó yẹ kí n bi dókítà. Bí ẹnìkan bá ní kí n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan nítorí àlàáfíà mi, èmi nìkan ni yóò fi sílẹ̀ nínú ilé.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo dẹ́kun títẹ̀lé gbogbo ohun tí kò jẹ mọ́ ẹgbẹ́ náà. Mo tún fi ojú ewé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ pamọ́ sínú áàpù tí mo fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù mi, kí ó lè jẹ́ pé tààrà ni mo ń lọ síbẹ̀ láì gba iwájú ojú ewé àkọ́kọ́ Facebook kọjá. Arìnjìnnà, kí ẹ tó pinnu láti kúrò pátápátá, ẹ jókòó kí ẹ ro èyí tó ń gbé yín ró àti èyí tó kàn ń gbé yín lọ. Ìsinmi kúrò lára èyí kejì nìkan náà, ìsinmi ni.


Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Olùkọ́Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ Olùtọ́jú wọ̀ mí lọ́kàn, kí Ọlọ́run fún aláìsàn náà ní ìlera. Mo ti ṣe irú ìsinmi yìí rí, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ṣe é, nítorí náà ọ̀nà ni mo máa sọ.

Arìnjìnnà, ẹ ní gbogbo nǹkan ló wà papọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ṣeé yà. Lórí WhatsApp, ìwé tí ẹnìkan kọ sí yín yàtọ̀ sí Status, Status sì yàtọ̀ sí àwọn gúrúùpù. Ẹ fi ti ẹni kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà, kí iṣẹ́ àti ẹbí lè rí yín. Ẹ pa ohùn àwọn gúrúùpù tí kò kan iṣẹ́ yín; WhatsApp yóò bi yín bóyá kí ó dákẹ́ fún wákàtí 8, fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí títí lọ, títí lọ ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn sínú àpò tí wọ́n ń pè ní Archive, kí ojú yín má ṣe máa rí nọ́ńbà àwọn ìwé tí ẹ kò tíì kà. Bí ọ̀gá yín bá nílò yín, yóò rí yín, ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ ni yóò sì máa dún lára fóònù.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan àkáǹtì Facebook, ẹ gba nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi tí kì í ṣe orí ìkànnì kankan. Ẹ má fi èyí ṣeré. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kárí ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, ẹni tó jẹ́ pé orí wọn nìkan ló ti mọ àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì ní ọ̀nà láti kàn sí wọn títí tí wọ́n fi padà. Ọ̀rẹ́ tí ẹ bá ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ lè pè é, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yín gùn ju bó ṣe ń gùn lábẹ́ àwòrán lọ.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín dídá àkáǹtì dúró àti pípa á rẹ́. Lórí Facebook, bí ẹ bá dá a dúró, kò sí ẹni tí yóò rí ojú ewé yín, àmọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ yóò dúró dè yín, ẹ sì lè máa lo Messenger lọ bí ẹ bá fẹ́. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pa á rẹ́, ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti yí ọkàn padà, lẹ́yìn èyí kò sí àtúnṣe. Instagram náà ní ọ̀nà méjèèjì. X, tí gbogbo wa mọ̀ sí Twitter títí di ọdún 2023, ni kí ẹ fojú sí dáadáa: níbẹ̀, ẹni tó bá dá àkáǹtì rẹ̀ dúró tí kò sì padà wọlé láàárín ọjọ́ 30 yóò pàdánù rẹ̀ ni. Bí ìsinmi yín bá lè ju oṣù kan lọ, ẹ má ṣe dá ti X dúró rárá, ẹ kàn jáde nínú rẹ̀ kí ẹ sì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù. Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í rántí ni pé bí ẹ bá ń fi àkáǹtì Facebook wọ áàpù mìíràn, irú bíi ti orin tàbí ti eré, wíwọlé bẹ́ẹ̀ lè jí àkáǹtì tí ẹ ti dá dúró padà. Ẹ kọ́kọ́ yí ọ̀nà ìwọlé sí wọn padà sí ímeèlì.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò tilẹ̀ pọn dandan láti dá ohunkóhun dúró. Kí ẹ yọ áàpù kúrò lórí fóònù, kí ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ẹ ti lè wọlé, kí ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà rántí ọ̀rọ̀ ìwọlé yín, ti tó. Ìdúró tí Oníṣẹ́Áàpù ní wọ́n mú kúrò ni ẹ fi dá padà yẹn. Bí ẹ bá ní láti dìde, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé gígùn kí ẹ tó rí ohun tí ẹnìkan jẹ lánàá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó wí pé ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀. Lórí iPhone, Screen Time wà níbẹ̀ láti ọdún 2018, Digital Wellbeing sì wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android; àwọn méjèèjì yóò sọ iye àkókò tí ẹ lò, wọn yóò sì ti áàpù nígbà tí àkókò tí ẹ yàn fún un bá pé. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó máa ṣí i padà, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé bá yín fi nọ́ńbà ìdábòbò sí Screen Time, kí ó má sì sọ ọ́ fún yín.

Ẹ tún ra aago tó ń jí ènìyàn, kí fóònù má ṣe bá yín sùn mọ́. Mo mọ̀ pé ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, òun ni mo rí tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Ẹni tó bá fi ọwọ́ pa áláàmù fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ti di fóònù mú kí ojú rẹ̀ tó là tán, ohun tó bá sì kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni yóò máa bá a rìn títí di ọ̀sán.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í rọrùn, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú. Ọwọ́ yóò máa lọ sí ibi tí áàpù náà wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì rí i bí àkókò kéékèèké ṣe pọ̀ tó nínú ọjọ́ kan: lórí ìlà, nínú ọkọ̀, nígbà tí omi ń hó lórí iná. Ẹ má ṣe yára wá nǹkan mìíràn fi dí gbogbo rẹ̀. Inú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti máa ń rántí ẹni tó yẹ kí ó pè, ibẹ̀ náà sì ni ọkàn ti ń to ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Àwọn wákàtí gígùn, pàápàá ti alẹ́, ni kí ẹ ti pinnu ohun tí ẹ ó fi ṣe: ìwé kan pàtó tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìrìn tí ẹ ó bá ẹnìkan rìn, iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ẹni tó bá kàn sọ pé òun kò ní ṣe èyí, tí kò ní ohun tí yóò ṣe, kì í pẹ́ padà síbẹ̀.


Arìnjìnnà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo sì ti ka gbogbo rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo mú. N ó dá Facebook dúró, n ó yọ Instagram àti X kúrò lórí fóònù láì fọwọ́ kan àkáǹtì wọn, n ó sì fi WhatsApp sílẹ̀ bí Olùkọ́ wa ṣe là á sílẹ̀. Mo ti ń gba nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ mi láti àná.

Ohun kan ló kù. Gúrúùpù ẹbí wa kì í dákẹ́. Bí mo bá pa ohùn rẹ̀, ìròyìn àìsàn tàbí ti ìbímọ lè kọjá mi. Bí n kò bá sì pa á, ibẹ̀ ni gbogbo àwàdà àti fídíò ayé ń gbà wọlé. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn àgbà ilé tí kò fi ní dà bí ẹni pé mo ń yẹra fún wọn?


Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Olùtọ́jú

Ẹ má ṣe jáde kúrò nínú gúrúùpù náà o, nítorí pé orúkọ yín yóò hàn sí alákòóso pé ẹ ti lọ, àlàyé tí ẹ ó ṣe lẹ́yìn náà yóò sì pọ̀ ju ìsinmi lọ. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ sì yan ẹnìkan nínú ẹbí tó máa ń ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ẹ jọ mọwọ́ ara yín, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé bí nǹkan pàtàkì bá ṣẹlẹ̀, kí ó pè yín lórí fóònù. Inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń dùn láti ṣe é.

Ní ti àwọn àgbà, ẹ má ṣe fi ìwé nìkan sọ ọ́ fún wọn. Ẹ pe àwọn tó dàgbà jù nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ tí ẹ mú tó pé, ẹ kí wọn, ẹ béèrè àlàáfíà wọn, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó máa pè wọ́n ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lè kọ ohun tó jọ báyìí sínú gúrúùpù náà:

“Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò mi. Mo fẹ́ fún ojú àti ọkàn mi ní ìsinmi díẹ̀ kúrò lórí fóònù láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò sí ohun tó ṣe mí, ẹnikẹ́ni kò sì ṣẹ̀ mí. Nọ́ńbà mi kò yí padà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pè mí nígbàkúùgbà, tọ̀sán tòru. Bí n kò bá dáhùn níbí, ẹ má ṣe bínú, ẹ pè mí.”